Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Sáré

 A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa tún rí ọdún mìíràn, tí kò sì jẹ́ kí iná tí àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ dá níhìn-ín kú. Ní irú àkókò bí èyí, àṣà ni pé kí ìwé ìròyìn wa kún fún àwòrán àwọn tó ti di dókítà, adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n àti bíṣọ́ọ̀bù láàárín wa. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tó bá yẹni ni a fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọkùnrin kan tí àwòrán rẹ̀ kò sí lára ògiri gbọ̀ngàn wa, àti ọmọbìnrin kan tí kò tíì ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, lẹ́tà kan tẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́wọ́. Orí ewé kan tí a fà yọ nínú ìwé ìkọ̀wé ni a kọ ọ́ sí. Ẹni tó kọ ọ́ wà ní kíláàsì SS2, òun ni ó sì ń sá eré 800 mítà fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó kí wa bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n, ó ní òun kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó ń fẹ́. Ó ní ní ọdún tó kọjá ni Kóòṣì kú, kò sì wu òun kí ọdún yìí kọjá láìṣe nǹkan kan ní ìrántí rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde péjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí a sáré kìlómítà márùn-ún láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí oríta ọjà, kí a sì padà. Kí olúkúlùkù mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá. Kí a fi owó náà ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a sì fi sanwó nọ́ọ̀sì tí yóò máa yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, láti orí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà tí a ti ka lẹ́tà náà ni ẹnu wa kò ti kò mọ́. Àwọn kan ní kí a gbà fún un. Àwọn kan ní kí a fi pẹ̀lẹ́tù dá a dúró, kí àwọn àgbà ṣe ìrántí tó bójú mu nígbà tó bá yá. Àwa tí a ń kọ èyí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn kan nínú wa sì ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà báyìí. Èrò tiwa ni pé kí a jẹ́ kí ọmọ náà sáré, kí àwa náà sì sáré tẹ̀ lé e. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Kóòṣì ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ títí di ọjọ́ tí a rí i lára ìwé ìkéde ìsìnkú. Olùkọ́ eré ìdárayá ni. Bí ìdíje ilé-sí-ilé bá ti ń súnmọ́lé, òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi eérú fa ìlà mẹ́fà sórí pápá, tí òjò bá sì fọ̀ ọ́ lóru, yóò tún un fà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Fèrè rẹ̀ wà lára okùn dúdú kan tí a kò rí i kí ó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bí ọmọ kan kò bá ní bàtà eré, ó ń mọ ẹni tí yóò yá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí ojú ti ọmọ náà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni tó sá eré lábẹ́ rẹ̀ kò lè gbàgbé. Kì í kúrò lórí pápá títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi dé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti gbé ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní sí èjìká, tí ìlù ti ń dún, tí àwọn òbí ti ń pa àga wọn pọ̀, Kóòṣì yóò ṣì dúró níbi okùn ìparí, aago rẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa wo ọ̀nà. Bí ọmọ náà bá dé, yóò ka ìṣẹ́jú àti ìṣísẹ̀ àáyá rẹ̀ sí i létí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ó ṣe kọ ti ẹni tó ṣíwájú. Ju ẹyọ kan lọ nínú àwa tí a ń kọ èyí ni a dúró dè bẹ́ẹ̀. A kò di eléré ìje. Ṣùgbọ́n a mọ bí ó ṣe rí lára kí ènìyàn rò pé gbogbo ayé ti lọ, kí ó sì rí ẹnì kan tó ṣì ń retí òun.

Ó tó ọdún méjì kí ó tó kú tí ó ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Oòrùn ni ó dá lẹ́bi. Ó ń ra oògùn orí fífọ́ ní ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó ń lò ó, ó sì ń padà sórí pápá. Kò sí ẹni tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó lọ wọ̀n ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí ó ti ń kó ọ̀pá ìfò gíga padà sí yàrá ìkẹ́rùsí, fèrè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sí apá kan, ó sì ṣubú. Ọmọbìnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó gbé e dé ọkọ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí ibùsùn, ó sì lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Àwọn tó fi owó ránṣẹ́ kò pé mẹ́wàá. Àwa yòókù kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run yóò wò ó sàn, a sì kọjá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń fi ìka na ẹlòmíràn. Àwa tí a ń kọ èyí wà lára àwọn tó kọjá lọ. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, a ti dá owó aṣọ ẹgbẹ́, a ti ya bọ́ọ̀sì, a ti bá àwọn olórin sọ̀rọ̀. Owó tí a ná ní ọjọ́ ìsìnkú náà pọ̀ ju èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ibùsùn rẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Gbogbo wa ni a kọ́ ìtàn ará Samáríà náà nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí a sì fi ṣe eré orí ìtàgé. A mọ ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá. A kò mọ̀ pé àwa ni yóò ṣe é.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà ọmọ yìí fi wọ̀ wá lára. Kò bá wa wí. Ó kàn béèrè ohun tí ó yẹ kí àwa ti béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn ohun tí àwọn kan nínú wa fi ń takò ó yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni wọ́n ń sọ.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọmọ tó wà ní SS2 yóò dojú kọ WAEC ní ọdún tó ń bọ̀, pé owó ilé-ìwé tí òbí ń san kì í ṣe fún eré sísá. Ọ̀rọ̀ gidi ni. A kò ní tan ara wa jẹ pé ètò eré ìrántí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò tàbí físíìsì. Nítorí náà, ètò náà kò gbọdọ̀ wọ inú ọdún ìdánwò rẹ̀. Inú sáà tó kàn ni kí a ti ṣe é, kí ó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́tà sí ọlọ́pàá, ìpàdé pẹ̀lú àwọn oníṣègùn, bíbá awakọ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ àwa àgbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kí ó sọ ìdí tí a fi ń sáré, kí ó sì sáré níwájú. Bí a bá fi gbogbo ẹrù náà lé e lórí, tí a sì wá ní kò ka ìwé, àwa ni ẹlẹ́bi.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Wọ́n ní ọmọdé kì í ṣe alákòóso ìrántí àgbà. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ ni ó tún ní ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ta ni ó sún mọ́ Kóòṣì jù ní ọjọ́ tó ṣubú? Nínú ilé wa ni àwa wà. Àwọn ọmọ ni ó gbé e. Ẹni tó bá ru òkùnrùn ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí a ó ṣe rántí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ wa ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́kọ́ dá irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Kánádà tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Terry Fox jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Simon Fraser, ó sì wà nínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn. Ní ọdún 1977, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kóòṣì tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní girama wá kí i. Kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó mú ìwé ìròyìn kan dání tí a kọ ìtàn Dick Traum sí, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan tó sá eré Marathon ìlú New York. Ìtàn yẹn ni ó gbin èrò sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́kàn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980, Terry Fox ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ omi òkun Àtìláńtíìkì ní ìlú St. John's, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la ilẹ̀ Kánádà já, kí ó lè kó owó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó dá a lóhùn kò tó nǹkan. Kò dúró. Ó sáré fún ọjọ́ 143, ó sì ti kọjá 5,373 kìlómítà kí jẹjẹrẹ tó dé inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ó sì dá a dúró nítòsí ìlú Thunder Bay ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1981; ó ku oṣù kan kí ó pé ọmọ ọdún 23. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni a kọ́kọ́ ṣe eré ìrántí rẹ̀, a sì ń ṣe é lọ́dọọdún títí di òní ní Kánádà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Nínú eré náà, kò sí olúborí, kò sí ẹ̀bùn. Ẹni tó bá lè sáré a sáré, ẹni tó bá lè rìn a rìn.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé kóòṣì kan ṣe nǹkan kékeré: ó gbé ìwé ìròyìn lọ síbi ibùsùn aláìsàn. Kò mọ ibi tí yóò já sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó gbé e dé ibi tí àgbà kankan kò lérò. Bí àwọn àgbà ilẹ̀ Kánádà bá ti sọ fún un pé kí ó lọ jókòó nítorí pé ọmọdé ni, bóyá a kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ irú ìrántí tó yẹ. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ orúkọ Kóòṣì sára òkúta ní ẹnu ọ̀nà pápá, tàbí kí a dá ife ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. A kò takò èyí. Bí owó bá wà, kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà yóò rántí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà figagbága láti wọ ìdíje ife àgbáyé. Agbẹjọ́rò ni, agbábọ́ọ̀lù ni, ọmọ ọdún 25 ni. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. A mọ ère fún un ní pápá náà, ó sì yẹ ẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, orílẹ̀-èdè wa pàdánù kóòṣì méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Stephen Keshi, tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí balógun ikọ̀ ní ọdún 1994, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí kóòṣì ní ọdún 2013, kú lójijì ní ìlú Benin ní ìpínlẹ̀ Edo ní ọjọ́ 8, ní ọmọ ọdún 54. Ní ọjọ́ 11, Shuaibu Amodu, tí òun náà ti kọ́ Super Eagles, tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa ara. Ara ni iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ èémí ọmọ ọlọ́mọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ lè má rí ẹni tí yóò ṣọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni ara rẹ̀ yá gágá, tí kò ní àmì kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ru nìyẹn. Àjọ náà tún sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní i ní gbogbo ayé tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Wíwọ̀n ọ́n kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ fífà. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, dídín iyọ̀ kù, rírìn déédéé, yíyẹra fún sìgá àti ọtí, àti oògùn tí dókítà bá kọ fún ni, lè mú un wálẹ̀. Ẹ̀rọ kan nínú yàrá àwọn olùkọ́ wa ì bá ti sọ fún Kóòṣì, ní ọdún méjì ṣáájú, ohun tí oògùn orí fífọ́ kò lè sọ fún un. Òkúta àti ife ẹ̀yẹ yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ yín lónìí, tí orí ń fọ́, tó ń dá oòrùn lẹ́bi, nílò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ewu àti owó, èyí sì ni ó wúwo jù lójú tiwa. Ọ̀nà oríta ọjà kì í sinmi. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà pọ̀ níbẹ̀. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá dá sì lè di ìjà. Bí a kò bá rí ojútùú sí méjèèjì, kí a má ṣe é rárá. Ohun tí a dá lábàá nìyí.

Kí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí oòrùn àti ọjà tó gbóná. Kí a kọ̀wé sí ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣáájú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dúró ní gbogbo ìkóríta pẹ̀lú àsíá pupa. Kí ọmọ JSS má ṣe jáde kúrò nínú ọgbà. Kí wọ́n sá tiwọn yí pápá ká. Kí ọmọ kankan má ṣe sáré láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé. Kí omi wà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ kan àti oníṣègùn tẹ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti kọjá ogójì ọdún, tàbí tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, bí ó bá sì wu dókítà, kí ó rìn. Kí a wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo àgbàlagbà tó bá wá, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí nọ́ọ̀sì sì kọ́ àwọn ọmọ ní àmì rọpárọsẹ̀: bí ẹnu bá ṣẹ́, bí apá kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu ẹni lójijì, ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ìsọ̀ oníkẹ́míìsì.

Ní ti owó, inú àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni mẹ́ta ni kí ó máa fọwọ́ sí i: olùkọ́ kan, òbí kan, akẹ́kọ̀ọ́jáde kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn eré, kí a lẹ gbogbo ìṣirò mọ́ pátákó ìkéde, iye tó wọlé àti iye tó jáde, kí ọmọ JSS1 pàápàá lè kà á. Kí a má ṣe pe alága ayẹyẹ, kí a má ṣe pe ìyá ọjọ́, kí a má ṣe ka orúkọ ẹni tó mú owó ńlá wá sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Olúwa wa ti sọ irú àánú tí ó fẹ́ fún wa, kì í ṣe èyí tí a ń fi fèrè kéde. Ọmọ tó mú igba náírà wá nínú owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé òun kò mú nǹkan wá. Kí a má ṣe rán aṣọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Aṣọ eré tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ni kí ó wọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kékeré ni gbogbo èyí. Ẹ̀rọ ẹyọ kan tàbí méjì, nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí ni ìyẹn lára ìṣòro àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́? Ó kéré lóòótọ́. Owó oṣù tó ń pẹ́ kò sí nínú rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí a lè ṣe, kí a sì parí rẹ̀, láìdúró de ìjọba. Bí ó bá sì gba ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo là lára àwọn tó ń tọ́ ọmọ wa, a kò ní lè sọ fún àwọn ará ilé ẹni náà pé ó kéré.

Nítorí náà, a bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àti àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dá ọmọ náà lóhùn, kí ìdáhùn náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí. A bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, kí ẹ má ṣe fi ọmọ yín ránṣẹ́ nìkan, ẹ wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ẹ kò ní lè dé, ẹ sá tiyín ní àdúgbò yín ní ọjọ́ kan náà, ẹ sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì mọ olùkọ́ kan tó kọ́ yín tó ṣì wà láàyè, ẹ pè é lórí fóònù lónìí, kí ẹ béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ní tiwa, a ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti sanra, àwọn kan ní orúnkún tó ń dùn wọ́n, kò sì sí àní-àní pé àwa ni yóò kẹ́yìn. Ohun tí a bẹ ọmọ náà kò ju ẹyọ kan lọ: bí òun bá ti dé ibi okùn ìparí, kí ó má tíì lọ. Kí ó mú aago Kóòṣì lọ́wọ́, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti fún un, kí ó dúró dè wá títí a ó fi dé.

Kí Ọlọ́run tu àwọn ará ilé Kóòṣì nínú, kí ó sì bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.